Ipa Omi Tí Erin Pè ní Àáró

Ààlọ́ o!

—Ààlọ̀!

Ṣé ẹ kò tíì jẹun ni? Mo ní, ààlọ́ o!

—Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Ààlọ́ mi kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè. Ó dá lórí Òkété, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́fà, àti Erin aláṣejù.

Ní ọdún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Ẹ̀pà tí Òkété gbìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ẹ̀pà yẹn nìkan ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ títí ọdún yóò fi yí. Ni Erin bá pe àwọn ẹranko jọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká la ipa omi láti odò wọ oko wa. Àáró ni o! Tèmi ni ká kọ́kọ́ là, ká la ti Ẹfọ̀n, ká wá la ti Òkété."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ mọ àáró? Bá mi ro tèmi lónìí, kí n bá ọ ro tìrẹ lọ́la: àáró nìyẹn. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ bọ́ ọ yó, ó tán.

Ta ló wá gbẹ́ ilẹ̀? Ṣé Erin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó odó ni? Òkété ni! Òun àti Ọ̀yà ń họ ilẹ̀, họ, họ, họ, títí èékánná fi ya. Omi wọ oko Erin, ṣọ̀ọ̀! Inú Erin dùn, ó gbé àkàrà kalẹ̀. Ebi ń pa Òkété, ó jẹ méjì. Ó mà ṣe o, ó jẹ méjì!

Ó lọ bá Erin. "Bàbá, ẹ̀pà mi ń kú lọ."

"Ṣe sùúrù, ìyá ẹlẹ́pà. Ti Ẹfọ̀n ló kàn."

Wọ́n la ti Ẹfọ̀n, họ, họ, họ. Òkété tún lọ bá Erin.

"Ṣé o kò rí i pé mò ń wẹ̀ ni? Padà wá lọ́la."

Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Erin ní, "Tìrẹ wo? Ọ̀wẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Àbí o kò jẹ àkàrà mi?"

Àkàrà méjì! Ẹ gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu àgbà jáde! Òkété bú sẹ́kún, ó fi orin sí i. Ẹ gbè é dáadáa, ẹ má kùn bí oyin:

Erin o, omi mi dà?

—Ṣọ̀rọ̀ ṣọ̀rọ̀ ṣọ̀.

Ọwọ́ mi ló gbẹ́ ilẹ̀,

—Ṣọ̀rọ̀ ṣọ̀rọ̀ ṣọ̀.

Ọmọ mẹ́fà ń wo ojú mi,

—Ṣọ̀rọ̀ ṣọ̀rọ̀ ṣọ̀.

Erin kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀pà kú tán. Òkété kó àwọn ọmọ lọ sí ìdí ọ̀pẹ, wọ́n ń fi eyín fọ́ ekùrọ́ jẹ, kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́.

Kò pẹ́, iyanrìn kún ipa omi. Erin ké, "Ẹ wá kó iyanrìn o!" Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, gbì! Etí ipa omi ya lulẹ̀, ọ̀nà omi dí pátápátá. Oko Erin gbẹ, ti Ẹfọ̀n náà gbẹ. Ìgbà yẹn ni bàbá wá dé ìdí ọ̀pẹ, tó ń bẹ̀bẹ̀.

Òkété wò ó. "Bàbá, bí ẹ bá ní àáró ni, a kò gbà yín gbọ́ mọ́. Bí ẹ bá ní ọ̀wẹ̀ ni, kí lẹ fẹ́ fi bọ́ wa?"

Erin yí ẹ̀yìn padà. Ó wọ igbó lọ. Títí di òní, Erin kò ní oko, odò dé odò ló ń rìn kiri. Òkété náà ṣì wà nídìí ekùrọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀pà ló fẹ́ jẹ.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé iṣẹ́ tí a bá jọ ṣe, ká jọ jẹ èrè rẹ̀, kí ohun tí a ṣe lè tọ́jọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó sì ń dùn mí, torí pé kí àgbà náà tó gbé igbá ọ̀hún, ọmọ ọlọ́mọ á ti febi sùn.