Bí Ìjàpá Ṣe Di Atọ́miwò Ìlú

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó dé etí ìsun kan, ó bá Ìjàpá tó jókòó síbẹ̀.

Ìlú àwọn ẹranko ní ìsun kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, iyanrìn ń dí ojú ìsun, ìjà ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀. Erin, ọba wọn, pe Ìjàpá. Ó ní, “Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ kì í gbélé, lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣètò omi nílùú mìíràn. Bí o kò bá rí òfin gidi mú bọ̀, ìwọ ni wàá máa kó iyanrìn ìsun.”

Ìjàpá lọ. Kò kánjú, àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń kánjú.

Ó dé ìlú Akàn. Níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pọnmi á kọ́kọ́ kó iyanrìn kúrò nínú kànga.

“Ẹni tí kò bá kó o ńkọ́?”

Akàn àgbà kan wò ó. “Á máa wo omi. Ọ̀fẹ́ ni wíwò.”

Ó dé ìlú Ọ̀bọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń ra omi níbẹ̀. Onísun jókòó ti òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sanra.

“Ẹni tí kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́?”

“Ilé àna rẹ̀ ló ti ń mumi.”

Ó dé ìlú Lékeléke. Kò sẹ́ni tó ń san ohunkóhun létí odò. Inú Ìjàpá dùn. Wọ́n wá ṣàlàyé pé nígbà ìkórè, gbogbo ilé ló ń gbé irè oko lọ sí àká ọba, òun ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn tó ń tọ́jú odò. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ó rò ó lójú ọ̀nà. Kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò dáko. Iyanrìn kíkó kò sì bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Kó tó délé, ó ti rí ìlú kẹrin.

“Kábíyèsí, ní ìlú kẹrin, atọ́miwò ni wọ́n ń yàn. Bí àwa náà ṣe ń tọ́ omi wò ká tó gbé e fún àlejò, bẹ́ẹ̀ ló ń mu ẹ̀kún ẹnu kan nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé kò sí májèlé. Jíjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í kó iyanrìn.”

“Gbogbo ìkòkò?”

“Gbogbo rẹ̀, Kábíyèsí.”

“Èyí tí kò bá tọ́ wò ńkọ́?”

“Kò gbọdọ̀ wọ̀lú.”

Ẹnu Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló ti jáde. N kò fi kún un.

Wọ́n fi í joyè. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó létí ìsun, ó gbórin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ gbé ìkòkò wá o,
— Gbúlúgbú.
Ẹ má tíì gbé e lọ,
— Gbúlúgbú.
Ẹnu Ìjàpá ló kọ́kọ́,
— Gbúlúgbú.
Kómi ó tó délé,
— Gbúlúgbú.

Etu gbé tirẹ̀ wá, ó mu. Òkété gbé tirẹ̀ wá, ó mu. Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, gbé tirẹ̀ wá, ó mu nínú omi ilé ara rẹ̀. Kí oòrùn tó gun àtàrí, ikùn rẹ̀ ti ń ti igbá ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

Ó ní kí Ìgalà máa gbé omi rẹ̀ lọ. Ìgalà dúró.

“O ò ní tọ́ ọ wò?”

“Mo ti tọ́ tàwọn yòókù wò. Ìsun kan náà ni.”

“Kí lo rí nínú tèmi?”

“N kò rí nǹkan kan.”

“Mu ún nígbà náà.”

Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bu omi fúnni tó kọ̀ láti tọ́ ọ wò, ohun tó fi síbẹ̀ ló ń sá fún. Ìgalà sọ ìkòkò kalẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn sọ tiwọn kalẹ̀. Ẹfọ̀n ń nu ìwo rẹ̀ lára igi, jẹ́jẹ́. Ìjàpá mu ún.

Ẹ bá mi gbè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Omi ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀:

Ẹ gbé ìkòkò wá o,
— Gbúlúgbú.
Ẹ fi díẹ̀ sílé o,
— Gbúlúgbú.

Ìgbà náà ni Erin dé pẹ̀lú ìkòkò ààfin.

“Atọ́miwò, ẹ̀kún ẹnu kan. Ẹnu tèmi la fi ń wọ̀n ọ́n láàfin.”

Ìjàpá wo ìkòkò, ó wo ẹnu Erin. “Kábíyèsí, ìlú kẹrin yẹn kò sí.”

“Kò sí níbo?”

“Kò sí níbì kankan.”

Erin ní, “Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?”

Ìjàpá ròyìn gbogbo rẹ̀, ó ń gùnfẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Erin ní ti Akàn ló wu òun. Ìlú kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn pọ̀. Agbọ̀n àkọ́kọ́, Ìjàpá ni wọ́n gbé e fún.

Láti ìgbà náà, ìrì orí ewé ni Ìjàpá ń lá. Bí ẹ bá bu omi síwájú rẹ̀, tí ẹ ní kó tọ́ ọ wò, á fa orí wọlé.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ náà dé. Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi má mọ adùn iyọ̀ mọ́.