Àpótí Ṣíbí Fàdákà Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní àpótí ṣíbí fàdákà kan tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹun rí. Bàbá rẹ̀ ni ó dáná fún òyìnbó ajẹ́lẹ̀. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé, ó fi àpótí ta á lọ́rẹ: ṣíbí ńlá, ṣíbí kékeré, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ, méjìlá méjìlá, gbogbo wọn ní ewé fífín lára èèkù. Bàbá kò fi jẹun. Ọmọ jogún rẹ̀, òun náà kò fi jẹun. Ó ní àlejò tí ó bá tó ẹ̀yẹ ni òun yóò ṣí i fún.

Ogójì ọdún kọjá, kò rí àlejò tí ó tó ẹ̀yẹ. Olóyè kan wá, ó ní olóyè náà máa ń fi eyín họ ṣíbí. Àna rẹ̀ wá, ó ní àna kì í ṣe àlejò. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, ṣíbí kan tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́ ni ó fi ń jẹun láti ìgbà tí ó ti wọlé ọkọ.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohùn méjì ni ó kàn ní. Ti òde dùn bí oyin. Bí ó bá kí ènìyàn lójú ọ̀nà, ẹni náà a máa rẹ́rìn-ín délé. Ti ilé kúrú, ẹ̀yìn ìwé ìròyìn ni ó sì ti máa ń jáde.

Ní ọjọ́ kan, akọ̀wé ìjọ wá kí i. Wọ́n ń ṣàwàdà lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọjú.

“Bàbá Ìbíwùmí, fàdákà tí mo fi ń kọ́ṣẹ́ ti tán. Ṣé kí n mú nínú ti inú àpótí yẹn, kí n fi rọ ẹ̀gbà?”

Kò yíjú sí i. “Ṣe bó ṣe wù ọ́, Ìyá Ìbíwùmí. Ṣé o kò rí i pé mo ní àlejò ni?”

“Ṣé kí n mú gbogbo rẹ̀?”

“Mú gbogbo rẹ̀.” Ó kọjú sí akọ̀wé, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Níbo la bọ́rọ̀ dé?”

Obìnrin náà kó o. Ó ti tó ọdún kan tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà kan lẹ́yìn ọjà. Ó fi ayùn gé èèkù ṣíbí kúrò, ó fi fáìlì irin ha ẹnu rẹ̀ kí ó má baà gún ni. Ó tì í bọná títí ó fi rọ̀, ó wá fi òòlù igi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọ̀pá irin. Ewé fífín náà yí ọrùn ọwọ́ po bí ìtàkùn. Orí ṣíbí kékeré di yẹtí. Fọ́ọ̀kì ni ó gba sùúrù jù: ó ká eyín rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dà bí òdòdó, ó fi ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ó gbé e kọ́ ọmọ wọn lọ́rùn. Ọ̀bẹ nìkan ni kò fọwọ́ kàn, nítorí èèkù wọn ṣófo nínú.

Ọkọ rẹ̀ a máa gbé àpótí náà mì ní Sátidé. Ọ̀bẹ a dáhùn, inú rẹ̀ a dùn, a gbé e padà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ó tilẹ̀ rí ẹ̀gbà lọ́wọ́ aya rẹ̀.

“Ẹ̀gbà yìí dára o. Ta ló fún ọ?”

“Ẹ̀yin ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń pọ́n òun lé ni.

Nígbà tó yá, Bíṣọ́ọ̀bù wá bẹ ìjọ wọn wò, ilé ọ̀gá ni wọ́n sì ti fẹ́ gbà á lálejò. Àlejò tó tó ẹ̀yẹ dé wàyí. Ìrẹsì ti wà nínú àwo. Bíṣọ́ọ̀bù àti ìyàwó rẹ̀ ti jókòó, akọ̀wé ìjọ náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá gbé àpótí wá, ó sọ ìtàn bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá ṣí i. Ọ̀bẹ méjìlá ni ó nà gbọọrọ síbẹ̀.

“Ìyá Ìbíwùmí,” ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, “olè ti jà wá.”

“Olè kankan ò jà wá.” Ó na ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi etí hàn án, ó ní kí ọmọ wọn sún mọ́ ọn. Ìyàwó Bíṣọ́ọ̀bù wo òrùka eléwé fífín tí Ìyá Ìbíwùmí fi ta á lọ́rẹ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

Ìbínú kún ọ̀gá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo ohùn ilé, Bíṣọ́ọ̀bù yóò gbọ́. Bí ó bá lo ohùn òde, ìbínú náà kò ní bá a mu. Ó yanu. Ikọ́ ni ó jáde.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n mú gbogbo rẹ̀,” ni aya rẹ̀ wí.

“Mo wà níbẹ̀,” ni akọ̀wé ìjọ sọ, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìrẹsì. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi yín.”

Bíṣọ́ọ̀bù ní kí wọ́n bá òun bu omi wá. Ó fọwọ́, ó sì fi ọwọ́ jẹ ìrẹsì. Ó bi obìnrin náà pé, “Ìyá, báwo lẹ ṣe ká eyín fọ́ọ̀kì yìí tí kò kán?”

Obìnrin náà sọ̀rọ̀ títí ìrẹsì fi tutù: bí iná ṣe gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, bí òun ṣe ba mẹ́ta jẹ́ kí òun tó rí ọ̀kan ṣe, ọjọ́ tí irin gbígbóná bó òun láwọ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ọwọ́ tí ó ń jù bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Àpá iná wà níbẹ̀, ó ti jinná pátápátá. Ojú tì í, kì í ṣe nítorí ṣíbí mọ́. Ojoojúmọ́ ni òun àti obìnrin yìí jọ ń jẹun, kò sì mọ̀ pé ó jóná.

Ó rọra sọ pé, “Ṣé ó dùn ọ́ gan-an?”

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó fẹ́ mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Ìwọ tí o wá fẹjọ́ sùn mí pé aya rẹ kì í sọ ohunkóhun fún ọ mọ́, mo gbọ́ ohùn tí o fi kí mi nígbà tí o wọlé. Ó tutù, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń bá ọ gbélé. Bí o bá délé lónìí, irú ohùn yẹn gan-an ni kí o fi kí i. Bí ó bá wẹ̀yìn wò, má bínú. Tún un kí.