Ẹjọ́ Àwẹ̀ró: Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Pariwo Lórí Ọ̀pẹ Tó Bó Níhòòhò

Nígbà láéláé, nígbà tí imọ̀ ṣì pé lórí gbogbo ọ̀pẹ ìlú, ẹ̀gà ló dákẹ́ jù nínú gbogbo ẹyẹ. Ẹ ò gbà á gbọ́, àbí? Ẹ má wulẹ̀ jiyàn. Èèyàn lè jókòó sábẹ́ igi tí igba ẹ̀gà wà lórí rẹ̀, kó má gbọ́ nǹkan kan ju ìró ewé lọ.

Odídẹrẹ́ ni olórí àwọn ẹyẹ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ dídùn ló fi dé ipò. Ó ń lọ láti igi dé igi, ó ń sọ pé, “Ẹ fi mí ṣe olórí, omijé kò ní bọ́ lójú ẹyẹ kankan mọ́.” Wọ́n bá fi í ṣe olórí. Ó gba ọ̀pẹ tó ga jù, ó sọ ọ́ di ilé ẹjọ́, ó sì fi Ejò, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣe oníbodè nídìí rẹ̀.

Ó wá ṣe òfin kan. Ẹyẹ tó bá ní ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbé ewé ọ̀pẹ kan sẹ́nu, kó tò sórí ìlà, kó dákẹ́. Àfi tí Odídẹrẹ́ bá ní, “Sọ ewé rẹ sílẹ̀,” ni yóò tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá la ẹnu ṣáájú ti pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gà kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó yé ẹyin mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ó ti oko dé, ó bá Ejò nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí Ejò rí i, ó rọra yọ́ jáde, kò tilẹ̀ sáré. Ẹyin kan péré ló kù.

Àwẹ̀ró já ewé, ó gbé e sẹ́nu, ó lọ tò. Nígbà tó kàn án, Odídẹrẹ́ wò ó, ó ní, “Mo ti gbọ́. A ó wò ó. Padà wá lọ́jọ́ ọjà.”

Kí ló gbọ́? Ẹni tí kò tíì la ẹnu!

Ó padà lọ lọ́jọ́ ọjà. “Mo ti gbọ́. A ó wò ó.” Ó tún padà lọ, ewé ẹnu rẹ̀ ti ń gbẹ. Ejò ló ń kí i nídìí ọ̀pẹ: “Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé èyí tó kù ń ṣe dáadáa?”

Ẹyin tó kù pa, ọmọ jáde, kò tíì hu ìyẹ́. Ẹ̀rù ń ba Àwẹ̀ró láti fi í sílẹ̀. Ìyá Àdàbà, àgbà àdúgbò wọn, ló bá a sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, lọ. Bí o kò bá lọ lónìí, wọ́n á ní o ti jáwọ́.”

“Ìyá mi, ta ni yóò bá mi wo ọmọ?”

“Èmi náà ni. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n màá jókòó tì í.”

Àwẹ̀ró dé ìdí ọ̀pẹ, kò rí oníbodè. Ó fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n ẹyẹ méjì péré ló kù níwájú rẹ̀ lórí ìlà. Ó dúró. Nígbà tó kàn án, Odídẹrẹ́ ní, “Mo ti gbọ́. A ó wò ó.”

Ó fò délé, ó bá Ìyá Àdàbà tó ń sunkún. Ilé ti ṣófo.

Àwẹ̀ró padà sí ilé ẹjọ́, kò tò sórí ìlà kankan. Ó tu ewé ẹnu rẹ̀ dànù, ó figbe ta: “Ejò jẹ ọmọ mi! Ejò ti jẹ gbogbo ọmọ mi tán!”

“O ti pàdánù ẹjọ́ rẹ,” Odídẹrẹ́ wí.

“Ẹjọ́ wo? Ọmọ ni mo ní, èmi ò ní ẹjọ́!”

Ẹ̀gà kan lórí ìlà bá sọ ewé tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ó jẹ tèmi náà!” Òmíràn sọ tirẹ̀ sílẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀gà ìlú ti dé, wọ́n ń ké, wọ́n sì ń ya imọ̀ ọ̀pẹ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ṣé ewé lẹ fẹ́? Ó dáa, ẹ gbà!”

Odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí Àṣá. Àṣá dé, ó sì ń pa wọ́n. Ìyẹ́ bo ìdí ọ̀pẹ bí òwú, síbẹ̀ wọn ò lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Àṣá gbé Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ń ké ọ̀rọ̀ kan náà lọ lójú ọ̀run títí wọn ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó dun àwọn tó kù wọra, wọ́n sì gba igbe náà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀pẹ bó tán, Odídẹrẹ́ kò rí ibi tí yóò fi ojú pa mọ́ sí. Ó sá wọ igbó kìjikìji lọ, kò dá ẹjọ́ kankan. Ejò ṣì wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Odídẹrẹ́ kò ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́, àfi kó máa tún ohun tó bá gbọ́ sọ. Láti ọjọ́ náà sì ni ẹ̀gà ti ń bó ọ̀pẹ níhòòhò, tí wọ́n ń kọ́lé sítòsí ilé àwa èèyàn, tí wọ́n ń ké láti òwúrọ̀. Bí wọ́n bá dí yín létí, ẹ má sọ òkò lù wọ́n. Ẹjọ́ Àwẹ̀ró ni wọ́n ń rò, a ò sì tíì rí ẹni tó dá a.