Ìjàpá Àti Ilé Funfun Tí Kò Nílẹ̀kùn

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀ o.

Ilé funfun, kò nílẹ̀kùn, kò ní fèrèsé, síbẹ̀ gbogbo ará ilé ló ń kọ́ṣẹ́. Kí ni o?

Ẹyin ni.

Ẹ káre. Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sínú ìtẹ́ Àgbébọ̀ adìẹ, ó bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbẹ̀.

Àṣá ti gbé gbogbo ọmọ Àgbébọ̀ lọ. Ẹyin kan ṣoṣo ló kù ú kù. Ó sàba lé e, kò jẹ, kò mu. Ni Ìjàpá bá dé. Àwọn ẹlòmíràn ń wo ẹyin, itan adìẹ lòun ń wò ní tirẹ̀.

"Ẹ kú ìsàba o, ìyá wa. Ẹ lọ mumi díẹ̀, màá bá yín ṣọ́ ọ."

Bí Àgbébọ̀ ti kúrò, Ìjàpá ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ihò tíntìntín lára èèpo ẹyin. Àwọn ará ilé kéékèèké inú rẹ̀, tí yóò para pọ̀ di òròmọdìẹ, rí bákan náà bí ọkà bàbà, kò tíì sí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ti díẹ̀ lára àwọn tó wà níhà apá sí ìhà itan.

Wọ́n bi aládùúgbò wọn léèrè pé, "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Itan là ń kọ́."

"A ó bá yín kọ́ ọ."

Inú Ìjàpá dùn. "Wọ́n mà ń gbọ́ràn. Gbogbo adìẹ yìí ni yóò di itan." Kò mọ̀ pé àwọn tó kù níhà apá ti sún mọ́ra, wọ́n dí àlàfo, apá sì ń lọ bó ṣe yẹ. Ọgbọ́n ń bẹ nínú ẹyin, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Nígbà tó ṣe, ọ̀gbẹ́ni yìí tún padà wá. "Ìyá wa, òùngbẹ ò gbẹ yín ni?" Àgbébọ̀ tún lọ mumi. Ìjàpá na ẹyọ ìgbálẹ̀ sí díẹ̀ lára àwọn tó wà níhà orí.

"Ẹ dìde, ẹ lọ ṣe itan."

"Ó ti bọ́, bàbá. Ojú ni wá. A ti ṣe fírídọ̀mù."

Ìjàpá wò wọ́n títí, wóró funfun lásán ló rí. "Ojú wo? Ẹ ò yàtọ̀ sí ti ìjelòó."

"Ẹ̀yin lẹ ò rí i. Àwa mọ ara wa."

Ó fi agídí tì wọ́n sáàárín àwọn itan. Àwọn itan ní kí wọ́n wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣáà fún wa láàyè díẹ̀."

Ẹyin pa. Àgbébọ̀ sunkún ayọ̀, ó sọ ọmọ náà ní Málọmọ́. Apá rẹ̀ pé, itan rẹ̀ kò ju ti adìẹ yòókù lọ, ojú méjì wà lórí. Ìkẹta wà ní itan ọ̀tún, ó ń ṣẹ́jú.

Ìjàpá dúró títí ọmọ fi sanra. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Málọmọ́ sùn sábẹ́ igi, ojú orí rẹ̀ méjèèjì pa dé. Ìjàpá yọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó nawọ́ sí itan. Itan ń wò ó.

Málọmọ́ ké pé, "Ìyá mi, bàbá tó bá yín ṣọ́ ẹyin rèé."

Àgbébọ̀ sáré dé, ó ń ṣá a lórí. "Òun nìkan ló kù mí kù. Ìwọ ni mo sì fi í tì." Orí wọ inú igbá ẹ̀yìn kíá, ibẹ̀ ló sì ń sá sí títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí adìẹ tó ń sàba kì í fi í gbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ẹyin òun. Ìdí náà sì nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹni kékeré tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ojú sáàárín itan, kò di itan. Ó ríran níbẹ̀.

Ibi tí mo ti gbé ààlọ́ mi ni mo dá a padà sí. Bí mo bá purọ́, kí adìẹ tó ń sàba ṣá mi lẹ́nu.