Ìfé Kẹta Ọdẹ́rìndé

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Kí ẹni tó ń jẹun gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ panu mọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo, n kò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìlú Òkè-Ọ̀gẹ̀, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Ọdẹ ni baba rẹ̀, ọdẹ ni baba baba rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni Olúọdẹ, olórí gbogbo àwọn tó ń gbé ìbọn níbẹ̀. Ó ga bí òpó àgbàlá, ojú rẹ̀ le bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ó bá ń kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ a dìde. Bí ó bá wúkọ́, ẹ̀rín a gbẹ lẹ́nu wọn. Òfin kan wà tí kì í yéé kọ́ wọn: bí a bá jọ ń dẹ ìgbẹ́ lọ́sàn-án, tí ewé mì níwájú rẹ, má yìnbọn. Súfèé lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì mí kanlẹ̀ láàárín ìfé kan sí òmíràn. Ẹyẹ lè ké lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ìfé kẹta ni ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ yóò dá lóhùn. Bí ó bá jẹ́ ẹran ni, tí ó sì sá, kí ó máa lọ. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ ara ògiri fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, Ògúnsínà, rú u rí, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́rìndé gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ìyàwó Ògúnsínà, ó ní, "Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, a kì í gbé iná lé e lọ́wọ́."

Ní ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́, àwọn ọdẹ jọ wọ ìgbẹ́. Ewé mì níwájú Ọdẹ́rìndé. Ó súfèé lẹ́ẹ̀kan, ó mí. Ó súfèé lẹ́ẹ̀kejì. Ó rí ohun pupa kan bí awọ ìgalà láàárín ewé. Ìfé kẹta ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì, ó yìnbọn.

Ọdẹ́níyì, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó ṣubú láti inú ewé náà.

Àwọn ọdẹ sáré dé. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ẹ súfèé?"

Ó ní, "Mo sú u lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dáhùn." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ta ni yóò bá Olúọdẹ jiyàn lórí òfin ara rẹ̀?

Wọ́n gbé Ọdẹ́níyì délé. Kò kú, kò sì sọ̀rọ̀. Lákànlé tó ń to eegun yọ ọta kúrò nínú itan òsì aláìsàn, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ibi tí ọwọ́ mi lè dé nìyí. Omi ewé kan ló kù, inú Igbó Adákẹ́ ló wà, lọ́dọ̀ àwọn iwin. Bí kò bá mu ún kí ọjọ́ karùn-ún tó pé, ẹ máa múra láti gbẹ́ ilẹ̀." Ọdẹ́rìndé dìde. Ó gbé ìbọn àti àpò rẹ̀, ó jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó dé ẹnubodè igbó náà. Iwin kan jókòó síbẹ̀, ó kọ̀yìn sí i. Ojú mẹ́rìndínlógún ló wà lẹ́yìn iwin náà, tí wọ́n ń ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí iná àtùpà nínú afẹ́fẹ́. Níwájú rẹ̀, kò sí ojú kankan. Ojúlẹ́yìn ni orúkọ rẹ̀, ohun tí èèyàn ti ṣe nìkan ló ń rí.

Ó ní, "Ọdẹ, kí ni o ṣe?"

"Mo súfèé lẹ́ẹ̀mẹta."

Gbogbo ojú náà dúró sójú kan. Iwin náà ní, "Wọlé. Wíwọlé kò ṣòro."

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé wẹ̀yìn, ìtàkùn ti dí ọ̀nà pa.

Ó rìn títí ó fi dé oko àwọn iwin kan. Iwin kékeré kan gun èjìká iwin kọ̀ọ̀kan, ó mú pàṣán lọ́wọ́. Bí ẹni orí èjìká bá la ojú, ẹni ìsàlẹ̀ a máa ro oko bí ẹni tí iná ń jó. Bí ó bá ti tòògbé, ọkọ́ a bọ́, onítọ̀hún a dùbúlẹ̀ sórí ebè. Ọ̀kan tí ọ̀gá rẹ̀ ń hanrun wo èjìká ọdẹ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ará ayé, ta ló ń gùn yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń gùn mí."

"Ta ló wá ń nà yín kí ẹ tó ṣe ohun tó yẹ?"

"Èmi ni mo ń na àwọn ẹlòmíràn."

"Háà, ọ̀gá mi, ẹ má bínú," iwin náà ní, ó sì ń yọ́ sẹ́yìn. "Ẹni orí èjìká ni yín. Ta ló ń jí yín bí ẹ bá sùn?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọdẹ́rìndé bí ẹ̀gún. Ó kọjá lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ó dé ìdí ààrò Yèyé Arámọ́lẹ̀, àgbà gbogbo wọn, tí irun rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò, tí ó sì ga ju ọ̀pẹ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun tí ó bá wá.

Yèyé ní, "Ewé náà wà nínú ìkòkò yìí. Jókòó tì í. Bí òjìji igi yẹn bá kan ààrò, ṣí i. Bí o bá ṣí i ṣáájú, àbúrò rẹ kú." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Òjìji náà ń bọ̀ bí ìgbín. Kò pẹ́, ohùn kan jáde láti inú ìkòkò. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Mi ò lè mí. Ẹ ṣí i." Ohùn Ọdẹ́níyì ni, kò yàtọ̀ rárá. "Ẹ ti yìnbọn fún mi. Ṣé ẹ tún fẹ́ sè mí?" Òógùn bo Ọdẹ́rìndé. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ọmọrí ìkòkò kí ó tó rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìka òun ṣe kan ìbọn.

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó súfèé lẹ́ẹ̀kan, ó mí kanlẹ̀. Ohùn náà ń sunkún. Ó súfèé lẹ́ẹ̀kejì, ó mí kanlẹ̀. Ohùn náà ní, "Mo ń kú lọ, ẹ̀gbọ́n." Ìfé kẹta kọ̀, kò fẹ́ jáde, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó fi ahọ́n lá a, ó sú u.

Inú ìkòkò pa rọ́rọ́. Ọdẹ Òkè-Ọ̀gẹ̀ kankan kò ní gbọ́ ìfé kẹta kó má dáhùn; kì í ṣe àbúrò òun ló wà níbẹ̀. Ọdẹ́rìndé káwọ́ lé orúnkún, ó sì dúró de òjìji.

Yèyé fúnra rẹ̀ ló bu omi ewé náà sínú akèrègbè fún un. Ó ní, "Oògùn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gbé e lọ bá gbé irọ́ mọ́ ọn délé, omi lásán ni aláìsàn yóò mu."

Ní ẹnubodè, Ojúlẹ́yìn tún bi í. "Kí ni o ṣe?"

"Mo súfèé lẹ́ẹ̀mejì."

Ìtàkùn tú. Ojúlẹ́yìn ní, "Èmi ti rí i tẹ́lẹ̀. Lọ sọ fún àwọn tí kò rí i."

Ọjọ́ karùn-ún ti ń lọ sópin nígbà tó délé. Gbogbo ọdẹ yí ẹní Ọdẹ́níyì ká, Ògúnsínà wà láàárín wọn. Èémí aláìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé ìyẹ́ adìẹ. Lákànlé na ọwọ́ sí akèrègbè. Ọdẹ́rìndé kò tíì fún un. Ojú Ògúnsínà ni ó ń wò.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo súfèé. Mo gbé ẹ̀kẹta mì, mo sì purọ́ fún yín." Ó gbé ìbọn rẹ̀ lé Ògúnsínà lọ́wọ́. "Gbé e kọ́ fún mi. Kì í ṣe fún ọdún mẹ́ta. Kí ó wà níbẹ̀ títí n ó fi kú."

Ògúnsínà gbà á. Ó gbé e kọ́ ara ògiri.

Wọ́n fún Ọdẹ́níyì ní omi náà. Wọ́n dúró, títí ara fi ń ni wọ́n. Nígbà tó yá, ètè rẹ̀ ká jọ. Ó súfèé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ró. Ó mí. Ó tún sú u. Ó mí. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀, ó dúró de ẹ̀kẹta, ó sì dá a lóhùn.

Ẹsẹ̀ òsì Ọdẹ́níyì kò tọ́ mọ́ láéláé. Bí ó bá ń tiro kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a máa súfèé lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kí i, ẹ̀gbọ́n a sì dáhùn. Àwọn èèyàn ń pè é ní àwàdà. Àwọn méjèèjì kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síhìn-ín, mo mọ̀ pé ẹ ní ọmọ tí ẹ ń bá wí, ẹ sì ní ẹni tí ẹ ń ṣọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku ìwọ nìkan, tí ewé mì, tí kò sẹ́ni tó ń wò ọ́, mí kanlẹ̀, kí o sì sú ẹ̀kẹta. Àwọn kan wà tí wọn kò gbọ́ ẹ̀kẹta, tí kò sí ohun tó lè mú wọn dáhùn mọ́. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù máa lọ sílé rẹ̀.