Àwọn Òpó Ẹlẹ́sẹ̀ Dúdú ti Ìdó-Apá

Ní ìlú Ìdó-Apá, bí ẹ bá rí ògiri tí ó dúró ṣinṣin lẹ́yìn òjò ọdún mélòó kan, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tí ó mọ ọ́n. Àdìgún ọ̀mọ̀lé ni, tàbí baba rẹ̀. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, ni Àdìgún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àáké rẹ̀ lọ. Bí ó bá ń kọjá níwájú ilé tí ògiri rẹ̀ wọ́, kò lè ṣe kí ó má dúró. Yóò fọwọ́ lẹ́rán, yóò ní, “Ẹni tó mọ èyí, ṣé oorun ló ń kùn ún ni?” Onílé á rẹ́rìn-ín, inú á sì máa bí i, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́ á ránṣẹ́ pè é.

Ohun kan ṣoṣo ni ìlú kò fẹ́ràn lára rẹ̀. Àdìgún kì í kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ po amọ̀, á ní kí àwọn òǹwòran lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ó ní iṣẹ́ ìdílé òun kì í ṣe ẹ̀kọ tí à ń há fún èrò ọjà, baba òun sì ti mú òun búra lé e lórí kí ó tó kú. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà ti kú. Ọmọkùnrin kan tí ó bí bá àwọn oníṣòwò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, kò sì padà. Bí ọjọ́ ogbó ti ń dé, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n, kò sí ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ àfi òun nìkan.

Adélódùn ni orúkọ ọba ìlú náà nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pẹ́ lórí oyè. Ààfin tí ó jogún ti gbó. Àwọn ọba tí ó jẹ ṣáájú rẹ̀ kò ṣe ju kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ níbi tó bá ti ya. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, òjò sì ń jò sí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ilé ọba kò dára?

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kan mú gidi, àwọn ọdẹ ń sun ìgbẹ́ lẹ́yìn odi. Atẹ́gùn gbé ẹta iná kan, ó sì lọ jù ú sórí òrùlé ààfin, tí ó jẹ́ kìkì koríko bẹẹrẹ. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo ìlú sáré dé pẹ̀lú omi, ṣùgbọ́n iná àti ọyẹ́ ti jọ mulẹ̀. Wọ́n gbé ọba jáde, wọ́n kó àwọn olorì àti àwọn ọmọ jáde, wọ́n gbé adé jáde, kò sì sí ẹ̀mí kankan tí ó bọ́. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ògiri nìkan ni ó kù ní ìdúró, àti àwọn òpó ńlá tí wọ́n fi igi apá ṣe, gbogbo wọn dúdú kirimú.

Ìlú sunkún. Ẹ̀rù tún wà lẹ́yìn ẹkún náà. Òfin kan wà ní Ìdó-Apá pé ọba tí kò bá gba iṣu tuntun lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀, kì í ṣe ọba mọ́. Àwọn afọbajẹ yóò gbé adé lọ sí ìdílé kejì. Bẹ́ẹ̀ ni igbó ìtòsí kò sì ní igi apá tí ó tó òpó ààfin mọ́. Wọ́n ti gé wọn tán, èyí tí ó ń hù kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ. Kódà bí a bá lọ gé e ní igbó ọ̀nà jíjìn, igi tútù kì í gbé òrùlé. Kí ó tó gbẹ, iṣu tuntun á ti dé, ọ̀tọ̀ lẹni tí yóò sì jẹ ẹ́ lórí ìtẹ́.

Ọ̀dọ̀fin ni olórí àwọn afọbajẹ. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fẹ́ràn baba Adélódùn dójú ikú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àṣà ju ènìyàn lọ. Àṣà sì ni ní Ìdó-Apá pé ohun tí iná bá ti jẹ kò gbọdọ̀ gbé ìlú. Ọ̀gbun ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń kó o dà sí. Nígbà tí eérú tutù, Ọ̀dọ̀fin ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan jáde fún ọ̀wẹ̀. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ọba ni wọ́n fi jáde o! Àdúgbò ń bá àdúgbò dupò, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń wó ògiri, wọ́n ń ru òpó. Ẹni tí ó bá rù jù ni ó fẹ́ràn ọba jù. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ilé ọba gan-an ni àwọn ń rù lọ dà nù.

Ìlú kejì ni Àdìgún ti lọ mọ ilé nígbà tí iná náà ṣẹlẹ̀. Bí ó ti gbọ́ ni ó gbéra. Ojú ọ̀nà ọ̀gbun ni ó ti pàdé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ru òpó àkọ́kọ́.

“Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀,” ó ní.

“Baba, ẹ jẹ́ ká kọjá. Ọ̀gbun ló ń lọ.”

“Mo ní ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Àbí ẹ fẹ́ ru èmi náà mọ́ ọn?”

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Àdìgún yọ àáké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá ara igi náà. Èédú ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, inú igi yọ sí ìta, ó pupa bí epo. Ó fi ẹ̀yìn àáké lù ú, igi náà dún ko, ko, ko, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

“Ẹ gbọ́ ọ? Èédú yìí ni iná jẹ. Igi ṣì wà ńbẹ̀. Igi tó ti gbẹ láti ayé baba ńlá mi! Ibo lẹ ti fẹ́ rí irú rẹ̀?” Ó mú amọ̀ ògiri kan jáde nínú apẹ̀rẹ̀ obìnrin kan. “Èyí tí iná mú dáadáa ti le bí ìkòkò. Èyí tí iná kò dé, amọ̀ ṣì ni, omi ni yóò sọ ọ́ di tuntun. Ẹ̀yin ará ibí yìí, ilé ni ẹ ń dà nù!”

Ọ̀dọ̀fin ti dé. “Àdìgún, ohun tí iná bá jẹ kì í gbé ìlú. Ìwọ náà mọ̀.”

“Ọ̀dọ̀fin, ìkòkò tí wọ́n fi se ọbẹ̀ tí ẹ jẹ láàárọ̀, kí ló jẹ ẹ́ kó tó di ìkòkò?”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀fin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ariwo náà mú kí ọba jáde láti ilé tí ó wọ̀ sí. Gbogbo èrò dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. Ọba wo igi pupa náà títí, ó wá yíjú sí Àdìgún.

“Baba, ṣé ẹ lè fi nǹkan wọ̀nyí mọ ilé kí iṣu tuntun tó dé?”

Àdìgún wo ọwọ́ rẹ̀. “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. N kò lè mọ ọ́n. Ọwọ́ méjì ni mo ní, àwọn náà sì ti ń gbọ̀n.”

“Bí ẹ bá kọ́ àwọn èèyàn yìí ńkọ́?”

Àdìgún mi orí. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. “Mo búra fún baba mi, Kábíyèsí. Iṣẹ́ ìdílé ni.”

“Ta ló wá kù nínú ìdílé tí ẹ ó fi lé lọ́wọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ẹni tó kù, gbogbo ìlú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó gbé àáké rẹ̀ kọ́ èjìká. Ọ̀dọ̀fin mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó ti parí nìyẹn. Ẹ gbé e ńlẹ̀.” Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé òpó náà lé èjìká, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ sọ́nà ọ̀gbun. Àdìgún ń wò wọ́n. Nígbà náà ni ó yé e pé bí òun bá pa ìbúra náà mọ́, òun àti iṣẹ́ baba òun ni wọ́n jọ ń gbé lọ dà nù yẹn.

“Ẹ dúró!” ni ó kígbe. “Baba mi á dárí jì mí. Ta ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ?”

Kò sẹ́ni tó jáde. Wọ́n mọ ẹnu rẹ̀. Kálukú ń wo ẹnì kejì, àfi bí ọba ti tẹ̀ba tí ó bọ́ bàtà rẹ̀.

“Èmi ni,” ó ní.

Ọ̀dọ̀fin figbe ta. “Èèwọ̀! Kábíyèsí, ẹsẹ̀ ọba kì í tẹ ilẹ̀ lásán!”

“Ọ̀dọ̀fin, ilé baba mi ni amọ̀ yìí. Ọjọ́ wo ló di èèwọ̀ kí n fẹsẹ̀ tẹ ilé baba mi?”

Wọ́n tẹ́ ẹní láti ibi tí ó wà títí dé ibi tí wọ́n da amọ̀ ògiri tí kò jóná sí, wọ́n da omi sí i, ọba sì wọ inú rẹ̀. Àwọn obìnrin kan ń sunkún. Àdìgún wo ẹsẹ̀ ọba fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

“Kábíyèsí, ẹ má bínú, ẹ má fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gìgísẹ̀ ni! Àbí ẹ rò pé ẹ̀ ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọ yàrá olorì ni?”

Ọba ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó kù díẹ̀ kí àwọn ènìyàn tẹ ara wọn pa níbi tí wọ́n ti ń dù láti wọ inú amọ̀.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àdìgún ń lọ láti ẹgbẹ́ kan dé èkejì, ó ń bú wọn, ó ń kọ́ wọn. Ó fi bí wọ́n ṣe ń fá èédú kúrò lára òpó tí àáké kò fi ní jẹ igi rere han àwọn kan. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òpó, níbi tí yóò wọ inú ilẹ̀, nítorí pé ikán kì í jẹ èédú. Ẹfúnyẹmí, olórí àwọn amọ̀kòkò, kó àwọn obìnrin jọ láti ṣa amọ̀ ògiri. Wọ́n á fi òkúta kan án. Èyí tí ó bá dún gan-gan ti jiná, ìpìlẹ̀ ni ó ń lọ. Èyí tí ó bá dún bùm, wọ́n á jù ú sínú omi kí ó lè di pípò. Ẹfúnyẹmí náà ni ó ní kí wọ́n má da àfọ́kù ìkòkò tí ó wà lábẹ́ eérú nù, pé yóò wúlò fún ilẹ̀ àgbàlá. Àdìgún kọ́kọ́ fẹ́ bá a jiyàn, ó wá ronú, ó ní, “Ìyá, ọ̀rọ̀ yín dùn mí nítorí pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.”

Wọ́n ṣe àṣìṣe o. Àwọn ọ̀dọ́ Ìta-Ọ̀sẹ̀ fẹ́ fi hàn pé àwọn yára ju àdúgbò yòókù lọ, ni wọ́n bá mọ ìpele kejì lé ìpele àkọ́kọ́ tí kò tíì gbẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ògiri náà ti yọ ikùn síta, ó sì wó. Wọ́n dúró tì í bí ẹni tó pa ẹran ẹlẹ́ran. Wọ́n ní Baba yóò lọ lónìí, kò ní padà mọ́. Àdìgún dé, ó wò ó yípo, ó fi ẹsẹ̀ tì í.

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ọdún kan gbáko ni baba mi fi kọ́ mi ní ohun tí ẹ̀yin kọ́ lóru kan yìí. Amọ̀ kì í bínú. Ẹ bu omi sí i, kí ẹ tún un pò.”

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ti kúrò lára wọn. Àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ń kọ́ àwọn tí kò tíì mọ̀. Agbálẹ̀ ń mọ ògiri, àgbẹ̀ ń gbẹ́ òpó. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òrùlé ti wà lókè, wọ́n sì jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wòkè bóyá á jò. Kò jò.

Ọjọ́ iṣu tuntun pé. Ọ̀dọ̀fin kó àwọn afọbajẹ sẹ́yìn, ó gbé iṣu lọ́wọ́, ó ń bọ̀ láàfin. Láti ọjọ́ tí ọba ti wọ inú amọ̀ ni kò ti débẹ̀. Ó ní ojú òun kò ní lè gba èèwọ̀ náà. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹ orí ba, ó sì tẹ ẹ̀yìn, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ààfin àtijọ́ rẹlẹ̀ débi pé ẹni tí kò bá tẹ̀ba á fi iwájú orí gbá a. Ó wọlé ní ìtẹ̀ba, ó rìn díẹ̀ ní ìtẹ̀ba, ó wá rí i pé kò sí ohun tí ó kan òun lórí. Ó nàró díẹ̀díẹ̀.

Ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ jíjóná ṣe ti gbé gbogbo ilé sókè dé orúnkún, ẹnu ọ̀nà sì ti bá a ga sókè, tí oòrùn fi ń wọlé síbi tí kò dé rí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó. Àwọn òpó tò lọ, ara wọn pupa, ẹsẹ̀ wọn dúdú. Wọ́n ti to àfọ́kù ìkòkò mọ́ ilẹ̀ àgbàlá ní ìdúró, ọ̀kan tẹ̀ sọ́tùn-ún, ọ̀kan tẹ̀ sósì, bí eegun ẹja. Lókè ògiri kan lápá ọ̀hún, Àdìgún àti ọmọbìnrin kan tí ó kọ́ níṣẹ́ ń ta ohùn síra wọn lórí bí ó ti yẹ kí wọ́n kun ògiri náà, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò ti dé.

Ọba jókòó lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀fin gbé iṣu náà síwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àfọ́kù. Nígbà tí ó dìde, omi wà lójú rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn afọbajẹ tí wọ́n ń retí ohun tí yóò wí nípa adé.

“Kò sí ọ̀rọ̀ adé mọ́,” ó ní. “Ẹ fojú ara yín rí i. Iná jó ilé yìí lóòótọ́, ojú mi ló ṣe. Ẹwà ló bù sí i.”

Ẹnu Ọ̀dọ̀fin ni àwọn ará Ìdó-Apá ti gbà á, ẹnu wọn ni àwa náà sì ti gbà á, tí ó fi jẹ́ pé títí dòní, bí àdánù bá bá ènìyàn tí onítọ̀hún kò sì káwọ́ gbera, àwọn àgbà á ní: Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.