Iná Baálé Oríta Arère

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọmọdé mọ òwe yìí, àgbà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí pé ta ló kọ́kọ́ gbé iná gun òrùlé? Wèrè kọ́ o. Ọlọ́gbọ́n ni, ọgbọ́n ọ̀hún ló pọ̀ jù.

Akínfẹ́nwá lorúkọ rẹ̀. Òun ló ni ilé àlejò oríta Arère, ilé oníyàrá mẹ́jọ tí wọ́n fi koríko bẹẹrẹ bò, níbi tí àwọn alájàpá ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sùn. Kò sí ohun tó ń bẹ̀rù tó iná. Kí àlejò tó wọlé, yóò gba ìkòkò tábà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò tú ẹrù rẹ̀ wò, yóò sì gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lásán, á ní kó la ẹnu, bóyá èéfín wà níbẹ̀.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú débi pé ènìyàn kò rí iwájú. Àwọn arìnrìn-àjò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Akínfẹ́nwá láìmọ̀, wọ́n ń lọ wọ̀ sí òdìkejì odò. Ó dùn ún wọra. Ó wá gbọ́ pé ogójì alájàpá ń bọ̀, àti pé Mọrẹ́nikẹ́ olórí wọn fẹ́ yan ilé kan tí wọn yóò máa wọ̀ sí títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Bí àwọn yìí náà bá kọjá, alángbá nìkan ni yóò kù nínú yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọn yóò dé, ó bu ẹ̀yinná kún ìṣasùn, ó kó ewé tútù lé e, ó gun òrùlé, ó ká òṣùká síbẹ̀, ó sì gbé iná rù ú bí ẹni gbé ẹrù ru aláàárù, kí òórùn èéfín lè júwe ilé fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran nínú ọyẹ́.

"Bàbá Tóókẹ́, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?" Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

"Èmi náà ni. Ṣé àlejò ni mí ni?"

Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, ó tẹjú mọ́ òkè. Ṣùgbọ́n iyán tó jẹ kò gbà fún un. Kò pẹ́ tó fi ń hanrun.

Èéfín jíṣẹ́ tí wọ́n rán an, àwọn alájàpá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Òórùn rẹ̀ wọ Akínfẹ́nwá nímú, kò tilẹ̀ la ojú tó fi jágbe: "Ta ló ń mu tábà? Ẹ gbé e síta kíá!"

"Ẹ dìde, bàbá," ni Mọrẹ́nikẹ́ fèsì. "Àwa ò mu tábà o. Òrùlé yín ló ń mu ún."

Igbá ni wọ́n rù wá tà, òun náà ni wọ́n fi bu omi odò. Nígbà tí iná máa fi kú, yàrá márùn-ún ti lọ. Ojú ti Akínfẹ́nwá, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ máa lọ sí òdìkejì odò," ló wí.

Mọrẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín. "Níbí la ó wọ̀ sí. Ẹni tí iná ti kọ́ lọ́gbọ́n kì í tètè sùn mọ́. Àmọ́ láti òní lọ, àwa la ó máa yẹ onílé wò."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Bí wọ́n bá ti dé, Akínfẹ́nwá yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, wọn á tú àpò rẹ̀ wò, wọn á ní kó la ẹnu, wọn á wo òkè, wọn á wá fi ohùn kan sọ pé: "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn." Títí di òní, bí àgbà bá rí ẹni tí ọ̀ràn kánjúkánjú wà nílẹ̀ fún, tó wá na ẹsẹ̀ tó ń sinmi, òwe yìí ni yóò pa fún un, pàápàá bó bá jẹ́ òun gan-an ló gbé iná náà síbẹ̀.